Ewé Ẹnu Ẹfúntọ́lá

Láyé àtijọ́, ní ìlú Ìlamọ̀, amọ̀kòkò kan wà tó ń jẹ́ Ẹfúntọ́lá. Kò sí ilé tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sí ní ìlú náà. Òun ló mọ ìṣaasùn tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, òun ló mọ àmù tí omi ń tutù sí ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, òun náà ló mọ orù tí ìyàwó tuntun fi ń pọnmi ní ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ jáde nílé ọkọ. Nígbà tí irun orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè é, ó ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a wọlẹ̀. Ó pàṣẹ kí agbo-ilé kọ̀ọ̀kan fa ọmọbìnrin kan lé e lọ́wọ́, kí ó máa kọ́ wọn. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ẹfúntọ́lá ṣe di ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí pátákó níbẹ̀, kò sì sí agogo.

Inú Ẹfúntọ́lá dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ó ti bímọ rí, wọn kò dúró. Nígbà tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ wá ń wọlé láàárọ̀, tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí i, tí ariwo wọn gba inú ilé tó ti dákẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó gbà pé Ọlọ́run ti fi àwọn wọ̀nyí rọ́pò fún òun. Kì í jẹun kí wọ́n tó jẹun. Bí ara ọmọ kan kò bá yá, òun ni yóò wá àgbo. Mo tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà fojú ìkà wò ó nígbà tí a bá dé ibi tí mo ń lọ.

Nítorí pé Ẹfúntọ́lá mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ṣe ń kọ́ni. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ni ó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ náà, ìyá rẹ̀ sì rèé, ọ̀gá tó le koko bí ojú ẹja ni. Bí ọmọ bá ti fẹ́ fọwọ́ kan amọ̀ láàárọ̀, yóò já ewé kan lára igi ọdán tó wà lójúde, yóò fi ètè mú un, kò sì gbọdọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi dúró. Ẹni tí ewé bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ yóò lọ kúnlẹ̀ ti ògiri.

"Ojú la fi ń kọ́ṣẹ́," ni Ẹfúntọ́lá máa ń wí. "Ẹnu tó bá ń bèèrè, ọwọ́ rẹ̀ ti sùn."

Ọ̀nà kan ṣoṣo náà ló wà tí a fi ń mọ ìkòkò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn amọ̀kòkò ìlú náà kì í jókòó ti iṣẹ́. Wọ́n máa ń tẹ̀ba, wọ́n á máa fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò po, wọ́n á sì máa fa amọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Apá ọ̀tún ni Ẹfúntọ́lá máa ń yí sí, apá ọ̀tún náà ni gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ yí sí.

Àyínkẹ́ wà láàárín wọn. Ọwọ́ òsì ló yá lára ọmọ yìí, wọ́n sì ti nà án nílé títí kí ó tó máa fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun. Bí ó bá ń yí sí apá ọ̀tún, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa kọ ara wọn, ìkòkò rẹ̀ á sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹfúntọ́lá á fi ọwọ́ wó o palẹ̀, á ní kí ó tún bẹ̀rẹ̀. "Orí ẹ ò gba nǹkan," ni ó máa ń sọ fún un. Àyínkẹ́ á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni ó tún fẹ́ ṣe? Ewé wà lẹ́nu rẹ̀.

Ti Ìdòwú yàtọ̀. Ọmọ Àjàó mọlémọlé ni, òun àti ewé kò sì jọ rẹ́ rí. Ṣàṣà ni ọjọ́ tí kì í kúnlẹ̀ ti ògiri. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ògiri yẹn ti di ìyekan rẹ̀.

Báyìí ni nǹkan ń lọ títí ọdún kan fi dé tí òjò rọ̀ bí ẹni pé ojú ọ̀run ya. Odò kún, ó bo ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ láti ayé àwọn baba ńlá wọn, nígbà tí òjò sì dá, odò kò padà sẹ́yìn mọ́. Ẹfúntọ́lá kó àwọn ọmọ lọ sí ẹsẹ̀ òkè, wọ́n sì rí amọ̀ pupa kan níbẹ̀ tó fà, tó kúnná, tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí àtè. Ẹfúntọ́lá bú sí ẹ̀rín. Ó ní òun kò rí irú amọ̀ tó dára tó báyìí rí.

Wọ́n mọ ìkòkò, wọ́n sá a. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn kan ti sán láti ẹnu dé ìdí. Èyí tí kò sán, wọ́n kó o sínú iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù, gbàmù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kò fi ku ẹyọ kan. Ẹfúntọ́lá ní bóyá àwọn ọmọ ni kò po amọ̀ náà dáadáa. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pò ó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n, ó sun ún. Gbogbo rẹ̀ tún fọ́.

Nígbà náà, ọyẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, àmù àwọn ará ìlú sì ti gbó, òmíràn ti là, kò sí ibi tí wọ́n máa tọ́jú omi sí. Baálẹ̀ ránṣẹ́ sí Ẹfúntọ́lá. Ìránṣẹ́ náà kò gbé ojú sókè nígbà tó ń jíṣẹ́: bí ìkòkò bá tún fọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọn yóò kó gbogbo ọmọ náà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, wọn yóò sì kó wọn lọ sí ìlú òdìkejì odò, kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí gún Ẹfúntọ́lá dé ẹ̀dọ̀. Ó lè fara da kí wọ́n pè é ní amọ̀kòkò tí ọwọ́ rẹ̀ ti rọ. Ṣùgbọ́n kí ilé rẹ̀ tún dákẹ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá? Ó jókòó ti òkìtì àpáàdì tó kún ojúde rẹ̀, kò mọ ohun tó kàn. Àwọn ọmọ dúró yí i ká, ewé lẹ́nu gbogbo wọn.

Ibẹ̀ ni ó ti rí Ìdòwú tó ń na ọwọ́ sí àpáàdì, tó tún ń na ọwọ́ sí ògiri, tó tún padà sí àpáàdì. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó ṣe é tẹ́lẹ̀, ògiri náà ni Ẹfúntọ́lá rán an lọ. Lọ́jọ́ yìí, ó ti rẹ̀ ẹ́ láti bínú.

"Kí lo ń fọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń lé eṣinṣin? Yọ ewé ẹnu ẹ."

Ìdòwú yọ ọ́ kíá. "Ẹ má bínú, Ìyá. Ògiri yìí ni mo ní kí ẹ wò. Bàbá mi ló mọ ọ́n. Amọ̀ òkè yìí kan náà ni wọ́n..."

"Ìkòkò là ń sọ, ìwọ ń sọ ilé! Ta ló ń gbé inú ìkòkò?"

"Kò sí, Ìyá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní amọ̀ yẹn..."

"Wọ́n ní kí ni? Kí Àjàó tó mọ amọ̀ yàtọ̀ sí ẹrẹ̀, ta ló ti ń..."

Ẹfúntọ́lá rí i pé ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá ewé rẹ̀ nínú erùpẹ̀ kí ó lè dá a padà sẹ́nu. Ohùn ara rẹ̀ sì ń dún ní etí rẹ̀. Ó gbọ́ ọ bí ẹlòmíràn ṣe ń gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé bí òun bá ní kí ọmọ náà tún sọ̀rọ̀, òun yóò tún já lù ú. Ẹnu òun kò gbọ́ràn.

Ó na ọwọ́, ó mú ewé náà ṣáájú Ìdòwú. Ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó sì fi há ètè ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣe àmì sí gbogbo wọn pé kí wọ́n yọ tiwọn, kí wọ́n máa sọ ọ́.

Ẹ̀rù kọ́kọ́ ba àwọn ọmọ náà. Wọ́n rò pé ìyà tuntun ni. Nígbà tó yá, Ìdòwú ṣe ọkàn akin, ó ní bàbá òun sọ pé amọ̀ òkè yẹn ti lágídí jù. Bí a bá dá a lò, ní gbígbẹ, á máa fa ara rẹ̀ títí á fi ya. Yanrìn àti koríko gígé ni àwọn mọlémọlé máa ń pò mọ́ ọn kí ó lè sinmi. Amọ̀ ti odò ti bá yanrìn tirẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀ omi, ìdí nìyẹn tí kò fi dà wọ́n láàmú rí.

"Koríko á jó nínú iná," ni Àwẹ̀ró, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, dá a lóhùn. Ìyá tirẹ̀ ni ẹlẹ́kọ ìsàlẹ̀ ọjà. "Bó bá jó tán, ihò ló máa kù."

Ẹfúntọ́lá pàápàá ti ronú dé ibẹ̀, òun náà kò mọ ọ̀nà tó kàn. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ohùn kan tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀.

"Àpáàdì yìí ti rí iná rí," ni Àyínkẹ́ wí, ó ń wo òkìtì náà. "Kò ní bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Bí a bá lọ̀ ọ́ bíi yanrìn ńkọ́?"

Omi bọ́ lójú Ẹfúntọ́lá. Ọmọ tí òun ti ń sọ pé orí rẹ̀ kò gba nǹkan látọjọ́ yìí wá rí oògùn nínú ohun tí òun fẹ́ kó dà sí ààtàn. Ó fẹ́ pariwo orúkọ rẹ̀, ewé kò jẹ́. Ó dìde, ó lọ gbé ọlọ jáde láti ilé ìdáná.

Àwẹ̀ró náà wá sọ tirẹ̀. Ó ní ìyá òun kì í jẹ́ kí ọyẹ́ fẹ́ sí ẹ̀kọ tí kò tíì wé, nítorí ojú rẹ̀ á yára gbẹ, á sán, inú rẹ̀ á ṣì rọ̀. Kí ló dé tí àwọn ń sá ìkòkò sínú atẹ́gùn? Kí wọ́n fi ewé bò ó, kí ó máa gbẹ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọn kò ṣe é yọrí lẹ́ẹ̀kan náà. Àpáàdì tí wọ́n kọ́kọ́ pò mọ́ ọn ti pọ̀ jù, amọ̀ náà wá ń ya ní ọwọ́ wọn bí àkàrà tó ti gbẹ. Wọ́n dín in kù, wọ́n tún un pò. Ẹfúntọ́lá ló mọ ìgbà tó tó. Ó fi ìka pa á lára, ó yọ ewé ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ó tó," ó sì dá ewé padà. Ṣé ẹ rí i, kò fi ipò ọ̀gá sílẹ̀. Ọmọ tó bá bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, á yọ ewé fún un, á dá a lóhùn. Àyàfi pé láti ọjọ́ náà, ewé kan ṣoṣo ló kù nínú ilé ẹ̀kọ́ náà, ẹnu tirẹ̀ ló sì wà.

Nígbà tí ẹnu sì ti sinmi, ojú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó rí Àyínkẹ́ tó tẹ̀ba ti ìkòkò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọ ara wọn. Ó ti tó ìgbà mélòó tó ti rí i? Ó dìde, ó di èjìká ọmọ náà mú, ó sì yí i sí apá òsì. Àyínkẹ́ wò ó, ẹ̀rù bà á. Ẹfúntọ́lá mi orí: máa lọ. Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó tún gbé ìkejì, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì fa amọ̀ sókè pẹ̀lú ìrọ̀rùn, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú okùn lọ́wọ́ rẹ̀. Àmù tó jáde níbẹ̀ dúró ṣánṣán.

Àárín ariwo yìí ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ, aládùúgbò wọn, ń kọjá lọ. Ó kí Ẹfúntọ́lá pé ẹ kú iṣẹ́. Ẹfúntọ́lá mi orí, kò fọhùn. Ìyá Ọlọ́ṣẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sì rí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí rí: ìyá àgbà jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ewé lẹ́nu bí ẹran, àwọn ọmọ dúró lé e lórí, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Ọ̀kan ń fi ẹ̀yìn rìn sí ibi tí ẹnikẹ́ni kì í rìn sí. Òmíràn jókòó ti ọlọ, ó ń lọ àpáàdì.

"Ẹ gbà mí o! Ọbẹ̀ wo lẹ fẹ́ fi èyí sè?"

Ẹ̀rín pa Ẹfúntọ́lá. Ó ń rẹ́rìn-ín nínú, èjìká rẹ̀ ń mì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì yọ ewé. Ìyá Ọlọ́ṣẹ kò dúró gbọ́ ìkejì. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó di ilé Baálẹ̀.

"Ó ti yí o!" ni ó kígbe kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹfúntọ́lá ti yí! Ó ń jẹ ewé, ó ń fi ọlọ lọ àpáàdì bí ẹni ń lọ ata!"

Ọ̀tún Baálẹ̀ dìde lórí ìjókòó. Ó ní ọ̀rọ̀ ti bọ́, kí wọ́n kéde rẹ̀ fún gbogbo ìlú, kí wọ́n sì kó ọmọ wọn kúrò lọ́wọ́ wèrè. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ní kí ó jókòó.

"Àgbà ni Ẹfúntọ́lá," ni ó wí. "Orúkọ bẹ́ẹ̀, bí a bá fún àgbà tán, a kò lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó bá fẹ́ sun ìkòkò, gbogbo wa á lọ wò ó."

"Bí wọ́n bá fọ́," ni Ọ̀tún wí, "èmi ni mo máa kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, lójú gbogbo ayé."

Ọjọ́ náà pé. Ìlú kún ojúde Ẹfúntọ́lá débi pé àwọn mìíràn gun igi ọdán. Wọ́n to ìkòkò jọ, wọ́n to igi àti koríko lé e, wọ́n fi iná sí i. Ẹfúntọ́lá dúró láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, ewé lẹ́nu, ó di ọwọ́ òsì Àyínkẹ́ mú. Àdúrà kan náà ló ń gbà nínú: kí wọ́n má ṣe kó wọn lọ. Iná ń jó. Gbogbo etí ń dúró de gbàmù.

Gbàmù!

Ọ̀tún Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó la ẹnu. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, Ìdòwú ti fi igi wa ohun tó bú náà jáde: ẹkùrọ́ kan ni, ó bá igi ìdáná wọlé. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lókè igi. Ọ̀tún pa ẹnu rẹ̀ dé.

Wọ́n dúró títí iná fi kú. Nígbà tí eérú ṣí, ìkòkò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, wọ́n pupa dẹ̀ẹ̀, kò sí èyí tó sán. Nígbà tí wọ́n tutù tán, Ẹfúntọ́lá gbé àmù Àyínkẹ́ síwájú Baálẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó sì dún gooro. Wọ́n pọn omi kún un dé ẹnu. Ọ̀tún fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á nídìí. Ọwọ́ rẹ̀ jáde ní gbígbẹ.

Ariwo ayọ̀ ta. Baálẹ̀ ní, "Ẹfúntọ́lá, o ṣeun. O gba ìlú yìí là lọ́wọ́ òùngbẹ."

Ìgbà náà ni Ẹfúntọ́lá yọ ewé ẹnu rẹ̀. "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nìkan. Ìdòwú ló bá mi mú ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ wá. Àwẹ̀ró mú ti ìyá rẹ̀ wá. Àyínkẹ́ yìí, èmi ni mo ń sọ pé orí rẹ̀ kò gba nǹkan, òun ló fi ohun tó fọ́ wo ohun tó ń fọ́ sàn. Gbogbo wọn ní ohun tí wọ́n gbé wọ ilé mi láti ọjọ́ tí ẹ ti fà wọ́n lé mi lọ́wọ́. Èmi ni mo fi ewé dí i." Ó yíjú sí àwọn ọmọ náà. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ṣeun tí ẹ kò sá fún mi."

Baálẹ̀ ní kò sí ẹni tí yóò kó ọmọ kankan lọ síbì kan. Ọ̀tún Baálẹ̀ ló wá jáde síwájú, kò lè gbé ojú sókè.

"Ìyá Alámọ̀," ni ó wí, "ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi lónìí tí n kì bá tí lè kó padà. Wèrè ni mo fẹ́ pè yín. Kí ló gbà yín lẹ́nu mi?"

Ẹfúntọ́lá wo òkìtì àpáàdì tó ṣì kù lójúde. "Kì í ṣe ọgbọ́n tèmi," ni ó dáhùn. "Tèmi ló fọ́ sílẹ̀ yẹn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni."

Láti ọjọ́ náà, bí iṣẹ́ bá dúró, Ẹfúntọ́lá á bi ọmọ kọ̀ọ̀kan pé, "Kí lo kọ́ mi lónìí?" Bí ọmọ náà bá sì sọ ọ́ tán, á ní, "O ṣeun." Títí ó fi di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ilé rẹ̀ kò dákẹ́ mọ́. Àyínkẹ́ ló gba ipò rẹ̀, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń yí sí ọ̀tún, wọ́n ń yí sí òsì, bí ẹsẹ̀ kálukú ṣe bá a mu. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ má wulẹ̀ lọ já ewé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá ń na ọwọ́ sí ògiri nínú kíláàsì yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ògiri náà.

Ọ̀rọ̀ tí Ẹfúntọ́lá fi dá Ọ̀tún lóhùn lójúde rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà Ìlamọ̀ mú relé, tí wọ́n fi kọ́ ọmọ wọn, tó sì di òwe tí gbogbo wa ń pa títí dòní pé: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.